Kírísítálì Tí Kò Wọ Omi

Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mo fi jókòó ti iná. Iṣẹ́ tí mo fi parí rẹ̀, kò sí ẹni tó ń ṣe é mọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo tètè sọ èyí kí ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ tí yóò kọ́ má baà rò pé mo fẹ́ pè é wá. Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Yàrá tí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà ti di ibi tí wọ́n ń kó àpò ìrẹsì sí. Wọ́n ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí, mo sì lọ bá àwọn tó wà níbẹ̀ kí n tó kọ ọ́, kí n má baà fi ẹnu ara mi nìkan dá ara mi láre.

Kírísítálì ni mo ń hù. Òkúta kéékèèké ni, ó ń dán bíi dígí, ṣùgbọ́n inú iná la ti ń hù ú. Èyí tó gbẹ̀yìn ní òòfà nínú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ wá di ènìyàn láàárín àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ láyé. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Ilé alágbẹ̀dẹ góòlù ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Gángan ni mí. Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́fà, bàbá mi mú mi lọ bá Bàbá Lámídì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà Jankara. Wọn ò bi mí bóyá mo fẹ́. Bàbá Lámídì wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Lọ fẹ́ ẹwìrì." Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn.

Bàbá Lámídì kì í ṣàlàyé. "Ojú ni kí o fi kọ́ ọ," ló máa ń wí. "Oúnjẹ ni mo fi ẹnu tèmi jẹ." Bí o bá bi í pé kí ló dé tí a fi ń ṣe báyìí, á fi ìdí ẹ̀mú kan ọ́ ní eegun ìka, kì í sì í rọra kàn án. Tó bá fẹ́ po èròjà tí a fi ń jó góòlù pọ̀, á kọ ẹ̀yìn sí wa. Ọdún méje ni mo fi wà níbẹ̀ kí n tó rí ohun tó ń dà sínú rẹ̀, inú dígí tí àwọn obìnrin fi ń wo yẹtí létí wọn ni mo sì ti rí i. Ó mọ̀ pé mo rí i. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní "Rájí" dípò "ìwọ yìí".

Òfin kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ohun tó bá jáde nínú iná kò gbọdọ̀ kan omi. Orí bíríkì kan báyìí la máa ń gbé e lé, tí yóò fi tutù fúnra rẹ̀. "Ara rẹ̀ gbóná," Bàbá á wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tó ń ṣàìsàn. "Ẹ jẹ́ kó sinmi." Mo ṣẹ̀ sí òfin yẹn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbà ọwọ́ ìyàwó kan ni, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ti ń dúró níta. Mo tì í sínú omi kó lè yá. Ojú ibi tí a ti jó o pọ̀ fọ́. Bàbá Lámídì kò nà mí. Ó yọ́ ọ, ó tún un ṣe, ó gbé e lé bíríkì, ó wá ní kí n jókòó tì í láti ìrun Àílà títí di Aláàsárì, kí n máa wo bí ó ṣe ń tutù, kí n má sọ̀rọ̀. Mi ò gbàgbé. Gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn mi ló gbọ́ ìtàn ẹ̀gbà yẹn. Sùfíánù náà gbọ́ ọ. Ó kéré sí mi ní ọdún méjìdínlógún. Èmi ni mo kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀mú mú.

Ogún ọdún ni mo lò ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ọjọ́ kan ni obìnrin kan wọlé, ará Iléṣà, ó gbé ọ̀pá ìgò kan tí ẹnu rẹ̀ ṣí lọ́wọ́. Ó ní òun ń wá ẹni tó lè fi iná pa ẹnu rẹ̀ dé láìsí afẹ́fẹ́ kankan nínú. Olùkọ́ ni ní yunifásítì. Lẹ́yìn náà ló di Ọ̀jọ̀gbọ́n, a sì ń pè é ní Màmá Prọ́ọ̀fù.

Bàbá Lámídì ní, "Ìgò nìyí, Mà. Góòlù là ń ṣe níbí."

Mo ní kí n gbìyànjú rẹ̀ wò. Ìgò náà le ju ìgò lásán lọ. Iná gbọ́dọ̀ pọ́n títí yóò fi funfun kí ó tó rọ̀. Mo yí i, mo fà á, ẹnu rẹ̀ pa dé bí ìdodo ọmọ.

Obìnrin náà wò ó títí. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá yìí ni, Mà."

"Mi ò kọ́ ọ," Bàbá Lámídì dáhùn. "Ó wò mí ni."

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Màmá Prọ́ọ̀fù nìyẹn. Owó oṣù rẹ̀ tó jẹun, kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé ìtẹ̀wé bàbá rẹ̀ tó ti kú, lẹ́yìn ọjà Sandgrouse, ló fi ṣe yàrá iṣẹ́, nítorí pé yunifásítì kò rí àyè fún un. Àjà kẹta ni. Òórùn ẹja gbígbẹ àti ata máa ń gba fèrèsé wọlé, tí a ó máa sín. Ìléru àkọ́kọ́, èmi ni mo fi bíríkì àti wáyà mọ ọ́n. Ọwọ́ ni a fi ń dín iná rẹ̀ kù, díẹ̀díẹ̀, tí ẹnì kan á sì jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Iná ìjọba á lọ, jẹnẹrétọ̀ á kọ̀, kírísítálì á sì kú. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni a rí àpótí kékeré tó ń ka ìgbóná fúnra rẹ̀, tó sì ń dín in kù bí a bá ṣe ní kó ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn la ra bátìrì ńláńlá. Mo sunkún lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ fi iná sílẹ̀ tí a lọ sílé, tí a padà wá bá a bó ṣe yẹ kó wà. Nígbà yẹn mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Mo ní kí Màmá Prọ́ọ̀fù gba Sùfíánù síṣẹ́, nítorí pé ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹnu ìgò mọ́. Òun ló wá ń dí ìgò láti ọjọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ.

Ìgbà náà ni Màmá Prọ́ọ̀fù mú ọ̀rọ̀ tuntun dé. Ó ní kí n bọ́ òrùka fàdákà ọwọ́ mi.

"Rájí, tí o bá fi òòlù lu èyí ńkọ́?"

"Á wọ́, Mà."

"Tó bá wọ́, ihò rẹ̀ á lọ?"

"Rárá o. Àfi tí mo bá gé e."

"Ó dáa. Tẹ̀ ẹ́, fà á, lù ú, òrùka ni. Ihò yẹn kì í dín díẹ̀díẹ̀, ó wà tàbí kò sí. Ohun kan wà nínú àwọn kírísítálì kan tó dà bẹ́ẹ̀. Ojú ò rí i, inú bí iná mànàmáná ṣe ń rìn nínú wọn ló wà."

Ó ṣàlàyé fún wa pé inú kírísítálì bẹ́ẹ̀ kì í gba iná mànàmáná kọjá, ṣùgbọ́n awọ ara rẹ̀ kò lè ṣe kó má gbà á. Tí òòfà bá tún wà nínú rẹ̀, tí gbogbo ẹyọ irin kéékèèké inú ìpele kọ̀ọ̀kan bá kọjú síbì kan, iná náà á máa gba etí rẹ̀ lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Tó bá bá ìdọ̀tí pàdé, á yí i ká. Kò ní padà sẹ́yìn, kò sì ní gbóná.

Sùfíánù ní, "Mà, ká ṣáà ní èèyàn ń rìn ní Jankara lọ́jọ́ ọjà, tí ẹnikẹ́ni ò kọlù ú."

"Tí gbogbo wọn bá ń lọ síbì kan náà, Sùfí."

"Ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ ní Jankara láé, Mà."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé. Ohun kan wà láyé tí ọgbẹ́ kékeré kò lè bà jẹ́. Ó wù mí kí ọwọ́ mi fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí n tó kú.

Bí a ṣe ń hù ú nìyí. Irin mẹ́ta la ń pò pọ̀ sínú ìgò, a ó fa afẹ́fẹ́ jáde, Sùfíánù á dí i. A ó yọ́ ọ, a ó jẹ́ kí ìgbóná rẹ̀ máa rọlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, a ó wá dá a dúró sí ìwọ̀n ìgbóná kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwọ̀n yẹn nìkan ni kírísítálì tí à ń wá ti lè wà. Tí o bá jẹ́ kó rọra tutù kúrò níbẹ̀, á pín sí méjì, á di òkúta méjì tó fara ti ara wọn. Á ṣì máa dán, ojú ò sì ní mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a ń wá nínú rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, o gbọ́dọ̀ já a gbà nínú iná, kí o tì í sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀, kó tó ráyè yí padà.

Ẹ rí i pé ó lòdì pátápátá sí ohun tí Bàbá Lámídì kọ́ wa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo mú ìgò náà jáde, ọwọ́ mi sì ń gbé e lọ sórí bíríkì. Màmá Prọ́ọ̀fù ló pariwo, "Rájí! Omi!" Mo tì í wọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó dún ṣáà.

Sùfíánù kò sí níbẹ̀. Mo ti ní kó lọ wo jẹnẹrétọ̀ nísàlẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é ní gbogbo ìgbà nìyẹn. Tó bá ti ku díẹ̀ kí ìgò jáde, mo máa ń rán an níṣẹ́. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa kan tó ní ìdérí, tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, ni omi náà máa ń wà. Kí ló dé tí mo ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mo fẹ́ kí nǹkan kan wà tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo kọ ẹ̀yìn sí i bí Bàbá Lámídì ṣe kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ẹ̀ẹ̀mejì la hù ú, ẹ̀ẹ̀mejì ló dára, ṣùgbọ́n wọ́n kéré. Ẹ̀rọ tí a fi ń dán an wò kò sí lọ́wọ́ wa, òkè òkun là ń fi ránṣẹ́ sí. Àwọn tó ń wò ó níbẹ̀ kọ̀wé wá pé bí ẹlẹ́ẹ̀kẹta bá tóbi tó sì dára bíi ti tẹ́lẹ̀, wọn yóò fi ẹ̀rọ ìdánwò ránṣẹ́ sí wa, a ó sì gba ọ̀dọ́ mẹ́fà tí yóò kọ́ iṣẹ́ náà. Bí kò bá dára, wọn kò ní fi irin ránṣẹ́ mọ́. Irin tó kù lọ́wọ́ wa kò ju ti ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ara Màmá Prọ́ọ̀fù kò yá, àwọn àbúrò rẹ̀ sì ti ń sọ pé kí wọ́n fi ilé náà ṣe ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ohun tí a ti ṣe wá wà lórí ìgò kan.

Ọjọ́ tí ìgò náà máa jáde ni Bàbá Lámídì kú. Ìrun àárọ̀ ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní lẹ́yìn ìrun Àílà ni wọn yóò sin ín. Èmi ni àgbà nínú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀, ó sì wà lọ́rùn mi láti wà nínú àwọn tí yóò wọ inú sàréè gbé e sílẹ̀. Aago méjì ni ìgò náà yóò jáde. Màmá Prọ́ọ̀fù wà lọ́dọ̀ dókítà ní òdìkejì odò.

Sùfíánù ti wà nínú agboolé Bàbá, ojú rẹ̀ ti wú. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Sùfí, o máa padà síbi iṣẹ́."

"Bọ̀ọ̀dá Rájí, Bàbá ni wọ́n fẹ́ sin yìí o."

"Mo mọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tó bá di aago méjì, yọ ìgò náà kúrò nínú iná. Má jẹ́ kó kọjá."

"Kí n kàn yọ ọ́?"

Wọ́n ń gbé òkú Bàbá jáde lórí àkéte. Ẹnì kan pe orúkọ mi. Mo ní, "Yọ ọ́. O ti ń wò mí láti ọjọ́ yìí wá."

Kò wò mí rí. Èmi ni mi ò jẹ́ kó wò mí. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo yí padà, mo sì fi èjìká sábẹ́ àkéte náà.

Ẹnu Sùfíánù fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìyókù, lóṣù tó kọjá. "Mo mú un jáde ní aago méjì géérégé. Ó pọ́n bí ẹyin iná. Mo ń sunkún. Mo wá rántí pé wọ́n ti ń da yèèpẹ̀ bo Bàbá, èmi ò sì sí níbẹ̀. Mo ní ó kéré tán, màá ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo gbé e lé bíríkì. Mo jókòó tì í. Mi ò sọ̀rọ̀ títí ó fi tutù."

Nígbà tí mo dé láti itẹ́ òkú, yèèpẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Ìgò náà wà lórí bíríkì, ó gbẹ. Ìdérí wà lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Sùfíánù ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó, kò sí ibi tó sán." Mo wò ó. Ó rẹwà. Ó ń dán ju àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní, "O ṣeun." Mo ní kó máa lọ kí àwọn ọmọ Bàbá.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Prọ́ọ̀fù wọlé, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Rájí, ó wọ omi?"

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ dókítà. Sùfíánù wà lẹ́nu ọ̀nà, ariwo jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kó gbọ́ wa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dúró kí wọ́n yìn ín.

"Ó wọ omi, Mà."

Ó fọ́ ìgò náà. Ẹni tó fẹ́ bá wa gbé kírísítálì náà lọ ń rìnrìn-àjò lọ́jọ́ Jímọ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni èsì dé. Wọ́n ní òkúta méjì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn ń wá nínú rẹ̀ rárá. Màmá Prọ́ọ̀fù ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi sábẹ́ gíláàsì tábìlì rẹ̀. Kò bi mí léèrè. Obìnrin tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó ti mọ̀. Irin tán. Ìwé kankan kò wá mọ́. Kí ọdún tó parí, àwọn àbúrò rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ilé.

Lọ́jọ́ tí a ń kó ẹrù jáde, Sùfíánù tọ̀ mí wá. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má ṣe fi bò fún mi. Ṣé ẹnu ìgò tí mo dí ló jò?"

Mo lè dá a lóhùn. Èmi nìkan ló mọ̀. Mo ní, "Ọlọ́run ló mọ̀, Sùfí."

Ó kó ẹ̀mú rẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì gáàsì rẹ̀, ó tà wọ́n. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan iná mọ́.

Lóṣù tó kọjá, kí n tó kọ èyí, mo wọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Màmá Prọ́ọ̀fù wà láàyè, ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì ló wà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí bíríkì dé orí irọ́ tí mo pa.

"Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, kí n tó fọ́ ìgò," ó ní, "à bá dá a padà sínú iná. Nínú ìgò yẹn náà. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ká tì í sínú omi, ó ṣeé ṣe kó tún para pọ̀."

"Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, Mà."

"O ò bi mí." Ó yíjú sí ògiri. "Èmi náà ò sì sọ fún ẹ rí."

Mo padà sí Èkó, mo sì lọ wá Sùfíánù. Kò jìnnà. Àwọn oníṣòwò ìrẹsì ló gba àjà kẹta náà, òun ló sì ń bá wọn ṣọ́ ọ, tó ń bá wọn gbé àpò. Yàrá kan náà ni. Àmì ẹsẹ̀ ìléru mi ṣì wà nílẹ̀. A jókòó sórí àpò, ó sọ ti ọjọ́ ìsìnkú náà fún mi bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yìí. Ìgbà tó sọ tán ni mo tó sọ tèmi. Mo ṣàlàyé ìwọ̀n ìgbóná, mo ṣàlàyé bí òkúta náà ṣe máa ń pín, àti ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ já a gbà kó tó yí padà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ fún ẹnì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó yé e kíá. Ó tilẹ̀ béèrè bí omi náà ṣe yẹ kó tutù tó.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa yẹn?"

"Òun ni."

"Omi pípaná ni mo pè é." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Nítorí náà, ẹnu ìgò mi ò jò."

"Kò jò, Sùfí. Kò jò rárá."

"Ẹ̀ bá ti sọ ọ́, Bọ̀ọ̀dá. 'Inú omi.' Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ẹnì kan pè é láti ìsàlẹ̀ pé oníbàárà ti dé, àpò mẹ́rin. Ó dìde, ó gbé ọ̀kan lé orí, ó sì ní kí n bá òun di ilẹ̀kùn mú. Kò pọn dandan. Wọ́n ti fi bíríkì kan ti ìdí ilẹ̀kùn náà kó má baà máa padé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dúdú, níbi tí ìgò gbígbóná ti jó o. Mo mọ̀ ọ́n. Mo dúró tì í títí Sùfíánù fi gbé àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá.